Ìbọ̀wọ́ Ọwọ́ Òsì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba, Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ fún ààfáà tí ó kọ́ mi ní álífù lórí wàláà ní Amukoko, àti fún ilé ìwé girama ti mùsùlùmí tí ó gbà mí wọlé nígbà tí àwọn ẹbí mi ń sọ pé ẹ̀kọ́ ti tó fún obìnrin. Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹ lónìí. Mo dúpẹ́ pé Ó dá ẹ̀mí ẹnì kan sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ara ẹni náà ló bọ̀. Nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ti yọ̀ǹda fún mi kí n sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ òun.

Ilé iṣẹ́ kan ní Warehouse Road, Àpápá, ni mo wà nísinsìnyí. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ mi. Ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni a ń ṣe: ìbọ̀wọ́, bẹ́líìtì, bàtà, aṣọ òjò. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Tí a bá ṣe ìpàdé, ẹni tí ó kéré jù ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni n ó sọ tèmi kẹ́yìn. Tí a bá sì gbé nǹkan tuntun fún òṣìṣẹ́ pé kó lò ó wò, n kì í bi í pé ṣé ó dára. Mo máa ń bi í pé ìgbà wo ló ń bọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà béèrè lọ́wọ́ mi láìpẹ́ yìí pé ìwé wo ni mo ti ka àwọn òfin wọ̀nyí. Mo ní n ó sọ fún un, n kò sì rí i sọ. Ẹnu kò gbà á. Bóyá ìwé yóò gbà á.

Ní nǹkan bí ọdún 2005, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, n kò rí iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní òpópónà wa ní Amukoko tí wọ́n ti ń rán awọ àga mọ́tò. Ẹni tó ni ín jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn ilé wa. Alàgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Lọ́dún yẹn, ó dédé sọ pé òun kò fẹ́ rán àga mọ́, ìbọ̀wọ́ ni òun fẹ́ ṣe.

Ó sọ ibi tí èrò náà ti wá fún wa. Ó ní ọjọ́ ìsinmi kan ni, ìjọ ń kọrin ìyìn, wọ́n na ọwọ́ sókè, òun sì dúró níwájú wọn. Wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ òkun ní Àpápá, ni púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n nà sókè: wáyà ti gé e, ọgbẹ́ tuntun wà lórí ọgbẹ́ àtijọ́, àwọn kan fi àkísà wé e. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń rà lọ́jà kì í lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ya, òmíràn kì í sì í gba ọwọ́ wọn rárá, nítorí ọwọ́ alákọ̀wé ni wọ́n fi wọn án. Alàgbà ní òun kò lè kọ orin yẹn parí.

Àwa mẹ́rin ni a jọ ṣe é. Alàgbà ni olórí wa. Màmá ń gé awọ. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹni tí ń rán an jẹ́ ọkùnrin ẹ̀yà Ìjọ̀ kan, ará etí odò, tí a ń pè ní Mẹkáníìkì, nítorí òun náà ló ń tún maṣíìnì ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ bá ti dùn tàbí tí ó bá ti bínú, pijin ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé. Iṣẹ́ mi ni láti gbọ́ ohun tí àwọn tó lo ìbọ̀wọ́ wò bá sọ, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n sì kà á fún àwọn yòókù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iṣẹ́ mi yìí sọ́kàn.

Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àárọ̀ la máa ń gbàdúrà, Alàgbà lọ́nà tirẹ̀, èmi lọ́nà tèmi, Mẹkáníìkì a sì ṣe àmín sí méjèèjì, ó ní òun kò fẹ́ kí ìkankan fo òun dá. Alàgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ mi, iṣẹ́ rẹ. Tí Màmá bá gé awọ tí kò dọ́gba, Alàgbà á ní, "A gé e wọ́." Tí maṣíìnì bá fa okùn já, á ní, "A ti já a." Ó ní tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí gbogbo wa jọ jẹ gbèsè rẹ̀. Òfin rẹ̀ kejì ni pé bí o bá rí àbùkù lára ọmọnìkejì rẹ, fà á sí kọ̀rọ̀, má tú u síta. Ní ilé kéwú pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi: ẹni tó bá bo àṣírí arákùnrin rẹ̀, Ọlọ́run yóò bo tirẹ̀. N kò rí ìjà kankan láàárín ẹ̀kọ́ méjèèjì. N kò rí i títí ó fi pẹ́ jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ṣe ìbọ̀wọ́ náà kó tó tẹ́ wa lọ́rùn. Èyí àkọ́kọ́ le bí igi. Èyí kejì rọ̀, ó sì ya. Ẹ̀kẹta ló dára, àfi pé etí awọ tí a rán pọ̀ ní ìdí àtàǹpàkò wà nínú, ó sì ń bó Alàgbà lára nígbà tó wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Mẹkáníìkì yí etí náà síta. Ó gbà á ní wàhálà, nítorí maṣíìnì wa àtijọ́ kì í fẹ́ yípo ní igun yẹn. Nígbà tó parí ti ọ̀tún, ó na ẹ̀yìn, ó ní ti òsì ńkọ́? Alàgbà ní kó fi ti òsì sílẹ̀ bó ṣe wà ná. Gbogbo wa ni a lo ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ìgbà tí a bá ń wọ ìbọ̀wọ́ náà wò, ọ̀tún la fi ń fa okùn, ọ̀tún la fi ń gbé irin. Ti òsì, Màmá kàn ń yí páálí ìwọ̀n ti ọ̀tún padà ni, ó ń gé e. Kò sí ẹni tó rò ó. Èmi náà kò rò ó, ní ọjọ́ yẹn.

Èmi ni mo mú ẹni tí yóò lò ó wò wá. A jọ kéwú ní kékeré, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, Bọ̀dá ni mo ń pè é. Wọ́ọ̀fù ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ó ti tó ọmọ ogún ọdún. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn wáyà so ẹrù kí kireéènì tó gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, ó lágbára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bí ó bá ti di wáyà mú, kì í jábọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kejì nígbà náà. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo wọn ń jẹ.

Nǹkan kan wà tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ní ilé kéwú, ọwọ́ òsì ló fi di kálámù mú ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó, ààfáà sì nà án lórí eegun ọwọ́. Ó tún ṣe é ní ọjọ́ kejì. Ààfáà wá fi aṣọ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kéwú fún bí oṣù mẹ́ta, tí àwa tó kù ń pè é ní adìẹ tí wọ́n so ìyẹ́. Ó wá kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún ṣe nǹkan níwájú àgbà. Ó ń fi ọ̀tún jẹun, ó ń fi ọ̀tún kíni, ó ń fi ọ̀tún gba nǹkan. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára bá wà, òsì ni. Ojú máa ń tì í, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé a kì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Ọjọ́ tí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, Alàgbà gbé ìbọ̀wọ́ méjèèjì sórí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó gbàdúrà gígùn lé e lórí, ó dárúkọ wọ́ọ̀fù, ó dárúkọ wáyà, ó dárúkọ irin, kó tó nà án sí i. Bọ̀dá kúnlẹ̀ gbà á. Wọ́n ní kó fa okùn tí a so mọ́ òpó wò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á. Alàgbà béèrè bó ṣe rí. Ó ní ó dára, kí Ọlọ́run bù sí ọgbọ́n wọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó dára.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kó wọn padà wá kí a lè yẹ̀ wọ́n wò. Alàgbà fi ọwọ́ kan gbé ti ọ̀tún sókè, ó fi ọwọ́ kejì gbé ti òsì. Ti ọ̀tún ti dúdú, gíríìsì ti mu ún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò ya. Ti òsì mọ́ bí ìgbà tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Inú Alàgbà dùn. Ó ní, "Ẹ wo bí ọ̀tún ti ṣiṣẹ́ tó, ibì kankan kò ya. Òsì kàn ń tẹ̀lé e kiri ni."

Mẹkáníìkì ní, "Òsì na pásẹ́ńjà, Bàbá. Ọ̀tún na dírẹ́bà."

"Pásẹ́ńjà tí kò sanwó ọkọ̀," ni Màmá fi gbè é.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Màmá tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé kò ha á lára níbì kankan, ó ní rárá o, Màmá. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bá tèmi. Mo ti mọ ohun tí ìbọ̀wọ́ tó mọ́ yẹn ń sọ. Ẹni tí ń fi òsì ṣiṣẹ́, tí ìbọ̀wọ́ òsì rẹ̀ kò sì dọ̀tí, kò wọ̀ ọ́ ni. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó di ìlẹ̀kùn mú níta nígbà tí ènìyàn kò tíì wọ aṣọ tán. Mo sọ ojú mi kalẹ̀ sínú ìwé.

Nígbà tó ń lọ, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kì í wọ ti òsì."

Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Ó ń bó mi ní ìdí àtàǹpàkò. Tí òógùn bá ti mu ún, etí awọ yẹn á le bí eegun. Mo máa ń bọ́ ọ sápò ni."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Alàgbà, wọn ó tún un ṣe."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn? Pé òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́? Bàbá àgbà tó gbàdúrà lé e lórí kó tó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n wá máa ka àbùkù ẹ̀bùn sí wọn lọ́rùn?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àbúrò mi, bò mí. Ó ti mọ́ mi lára."

Mo ní, "Mo ti bò yín, Bọ̀dá."

Mo wọlé, inú mi sì dùn sí ara mi. Mo rò pé mo ti pa àmánà mọ́, pé n kò dalẹ̀ ẹni tó fọkàn tán mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ka ohun tí mo kọ fún wọn: ìbọ̀wọ́ náà dára, kò ya, kò sí ìṣòro. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀gá kan tó ń gbé GRA, tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Àpápá, rán dírẹ́bà rẹ̀ wá pé òun fẹ́ kí a ṣe ìbọ̀wọ́ fún gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tí ń so ẹrù fún òun. Bọ̀dá wà lára wọn. Ayọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù wa. Màmá gé awọ títí àlùmọ́gàjí fi dá egbò sí i lọ́wọ́. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé kí n sọ ọ̀rọ̀ ti òsì fún Alàgbà ní kọ̀rọ̀, n óò tún sọ fún ara mi pé a ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n, pé èmi ni mo kéré jù níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kọjá. Kò pọn dandan kí n tú u síta. Mo lè sọ pé, "Alàgbà, etí awọ ti òsì ń bó ènìyàn lára, bí ti ọ̀tún ṣe bó yín lọ́jọ́sí." Ó tán. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò ní sọ ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni fi ń ṣiṣẹ́. Àbùkù ìbọ̀wọ́ kì í ṣe àbùkù Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n mo ti di méjèèjì pọ̀ lọ́kàn mi, mo sì da aṣọ kan ṣoṣo bò wọ́n.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ láti ìdájí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Bọ̀dá wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní wáyà yọ̀ lára ẹrù. Òun àti Bọ̀dá jọ dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà kó má baà já lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wáyà náà ń fà wọ́n lọ sáàárín irin méjì. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ fún wa rí, kò sí ìbọ̀wọ́ lára rẹ̀. Ó ní wáyà há mọ́ ìbọ̀wọ́ òun, òun fa ọwọ́ yọ, ìbọ̀wọ́ ni irin lọ̀. Kò sí ìbọ̀wọ́ ní ọwọ́ òsì Bọ̀dá. Ara ni wáyà mú.

Alàgbà béèrè pé ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ ńkọ́. Ọkùnrin náà ki ọwọ́ sí àpò, ó gbé ti òsì kalẹ̀ sórí tábìlì ìgé-awọ. Ó ní àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni wọ́n ti bá a ní ilé ìwòsàn.

Wọ́n gé àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka méjì tó tẹ̀lé e.

Alàgbà kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó pè wá jọ, ó gbé ìbọ̀wọ́ náà sáàárín wa, ó ń yí i padà yí i padà. Ó ń béèrè, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kí ló mú ọmọ yìí bọ́ ọ. Màmá ní bóyá ooru ni. Mẹkáníìkì ní bóyá ó gbàgbé ni. Mo dìde, nítorí n kò lè jókòó sọ ọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ọwọ́ òsì, ìdí àtàǹpàkò, ẹnu ọ̀nà, ohun tí mo kọ àti ohun tí n kò kọ.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, "O mọ̀, mo sì ń gé e lọ."

Mẹkáníìkì dìde. Ó mú ìbọ̀wọ́ òsì náà, ó tú ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, ó jókòó sídìí maṣíìnì. Ó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ní igun tó le yẹn, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú wa, ó ti parí. Etí awọ ti bọ́ síta. Kò ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí òkú, mo ti sin òbí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó bà mí nínú jẹ́ tó ìbọ̀wọ́ tí ó wà lórí tábìlì lọ́sàn-án yẹn, tí ó ti dára.

Alàgbà kò bá mi wí. Ó ní, "A kò sọ ọ́." Bó ṣe máa ń ṣe náà ni, ó jẹ gbèsè náà mọ́ wa. Lẹ́yìn náà, ó ní òun ń ro ti àdúrà yẹn. Ó ní òun gbàdúrà lé ohun tí kò tíì parí lórí, òun sì fi dí ọmọ náà lẹ́nu. Ta ni yóò bá àdúrà àgbà jiyàn? Láti ọjọ́ yẹn, tí a bá fẹ́ fún ẹnì kan ní nǹkan lò wò, Alàgbà kì í gbàdúrà sí i. Á ní, "Lọ bá mi wá àbùkù rẹ̀ wá." Ìgbà tí ẹni náà bá ti bú u tán, tí a sì ti tún un ṣe, ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé ọwọ́, tí yóò sì di ojú gbàdúrà.

Mo lọ kí Bọ̀dá ní ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Bọ̀dá ní kí n dìde, kádàrá ni, Ọlọ́run ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ń gbìyànjú àtifi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ààfáà wa ti borí nígbẹ̀yìn, òun ó wá fi ọ̀tún ṣe ohun gbogbo. N kò lè rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ bo àṣírí rẹ̀, ẹ ṣé o. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Bọ̀dá ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan láti ìgbà náà tí n kò gbọ́ ìbéèrè yẹn. Mo gbàgbọ́ nínú kádàrá, bí gbogbo mùsùlùmí ṣe gbàgbọ́. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé Ọlọ́run tó kọ ọ́ fún mi ní ẹnu, ìwé, kálámù, àti odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ọdún ti gorí ọdún. Alàgbà ti sùn. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí ibi rere. Màmá lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Mẹkáníìkì padà sí etí odò wọn, ó ṣì ń pè mí lórí fóònù nígbà Iléyá láti bi mí pé ẹran òun dà. Bọ̀dá kò lè padà sídìí wáyà. Ó ń ṣí géètì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá, ìyàwó rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Amukoko, bí wọ́n sì ṣe tọ́ àwọn ọmọ nìyẹn, pẹ̀lú ìnira tí n kò ní kà síbí, nítorí ìnira wọn ni, kì í ṣe tèmi.

Èmi, mo kó ohun tí mo kọ́ lọ sí Warehouse Road. Mo kọ́ pé "ó dára" kì í ṣe èsì, ìkíni ni. Mo kọ́ láti lọ dúró sí ibi iṣẹ́, kí n wo ohun tí òṣìṣẹ́ bọ́ sápò, kí n wo èyí tó mọ́ jù. Tí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi, mo ń bò ó. Tí ohun tí a jọ ṣe bá ní àbùkù, mo ń sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ní ọjọ́ náà gan-an. Mo sì ń jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ó má baà fetí sí àwọn àgbà tán kó tó mọ̀ pé òun ti dákẹ́.

Ní gbogbo Iléyá ni mo máa ń lọ sí ilé Bọ̀dá láti tọrọ àforíjì. Ní gbogbo Iléyá ló máa ń sọ pé kádàrá ni, kí n jókòó, kí n jẹ ẹran. Ní Iléyá tó kọjá, mo tún bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè pé kí n dúró. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, àwa méjì péré la wà ní pálọ̀.

Ó ní, "Ó dùn mí, àbúrò mi. Mo máa ń sọ kádàrá kí o lè rí ilé lọ ni. Èmi ni mo ní kí o bò mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé nínú wa. Mo rò pé wàá mọ ìgbà tí kò yẹ kí o gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi."

Omijé bọ́ lójú mi, kò sì ní kí n má sunkún. Kò fi kádàrá bò ó. Ó jẹ́ kí ó wà báyìí láàárín wa, bó ṣe rí gan-an. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ fún mi, Bọ̀dá." Ó mi orí. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó ti àwo ẹran sọ́dọ̀ mi, a sì jẹ ẹ́, a kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyẹn ni Iléyá tí mo kọ́kọ́ kúrò nílé rẹ̀ tí mo sì gbàgbọ́ pé ó ti dárí jì mí, nítorí pé ó ti sọ fún mi ohun tí ó ń dárí rẹ̀ jì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibi yìí, kí Ọlọ́run fún yín ní àwọn alábàáṣiṣẹ́ tí kì í fi ìrora wọn pamọ́ fún yín, kí ó sì fún yín ní etí tí kì í lé òótọ́ sẹ́yìn. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Kí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹ sọ má ti pẹ́ jù lẹ́nu yín. Kí Ó pa ọwọ́ yín méjèèjì mọ́, àti ọwọ́ gbogbo ẹni tí ń jẹ lára yín. Àmín.